Alátakò fẹ́ dìbò tako ètò ìsúná, ṣé ká lọ kó owó wa kúrò ní báńkì?

Nọ́ọ̀sì Galway:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin àgbà ẹgbẹ́ wa. Kò tíì pẹ́ tí mo dé Ireland. Ibi iṣẹ́ ni mo ti gbọ́ lórí rédíò pé àwọn ẹgbẹ́ alátakò ní Dáil, ilé aṣòfin wọn níbí, máa dìbò tako ètò ìsúná ìjọba. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹnì kan ti fi ohùn ránṣẹ́ sórí WhatsApp ìjọ wa. Ó ní bí wọ́n bá takò ó, owó ọmọ tí ìjọba ń san fún òbí lóṣooṣù ò ní wọlé mọ́, àwọn báńkì á sì fẹ́ tilẹ̀kùn bíi ti 2008, kí kálukú tètè lọ gba owó rẹ̀. Owó tí mo ń tọ́jú láti fi mú ọkọ mi àti ọmọ wa wá wà ní báńkì. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n gbà á jáde?

Bàbá Drogheda:
Ọmọ mi, má gba kọ́bọ̀ jáde. Ẹni tó fi ohùn yẹn ránṣẹ́ ti da nǹkan méjì pọ̀. Ìbò ìsúná lọ́tọ̀, ọ̀rọ̀ báńkì lọ́tọ̀. Mo ti wà ní Drogheda kí wàhálà 2008 tó dé, ojú wa ló ṣe, n ó sì sọ ọ́ bó ṣe rí.

Ká mú ìbò ìsúná ná. Nílùú yìí, ẹgbẹ́ alátakò ò lè gbé ètò ìnáwó tiwọn síwájú Dáil pé kí wọ́n dìbò lé e. Abala 17 nínú òfin ilẹ̀ wọn sọ pé Dáil ò gbọdọ̀ fọwọ́ sí ìnáwó kankan àfi tí ìjọba bá fi ìwé tí Taoiseach buwọ́ lù béèrè fún un. Taoiseach ni olórí ìjọba wọn. Ohun tó kù fún alátakò ni kí wọ́n da ìbéèrè bo ìjọba, kí wọ́n tẹ ìsúná tiwọn jáde kí aráàlú lè fi wéra, kí wọ́n sì dìbò rárá. Ọdọọdún ni wọ́n ń ṣe é. Tí o bá gbọ́ pé wọ́n máa takò ó, iṣẹ́ tí aráàlú rán wọn ni wọ́n ń jẹ́.

Tí ìjọba bá wá pàdánù ńkọ́? Ìjọba ló máa ṣubú, kì í ṣe báńkì. Ó ti ṣẹlẹ̀ rí. Ní ọjọ́ 27 oṣù kìíní 1982, John Bruton tó jẹ́ mínísítà ètò ìnáwó gbé ìsúná wá, ó fẹ́ fi owó orí VAT lé aṣọ àti bàtà, tọmọdé tàgbà. Ìjọba Garret FitzGerald ò ní aṣòfin tó pọ̀ tó, àwọn TD tí kò sí lẹ́gbẹ́ ńlá ni wọ́n fara tì. TD ni wọ́n ń pe aṣòfin tó wà ní Dáil. Jim Kemmy, ará Limerick, kọ̀ jálẹ̀, ìbò sì di 82 sí 81. Alẹ́ ọjọ́ yẹn náà ni FitzGerald gba ọ̀dọ̀ ààrẹ lọ pé kí wọ́n tú Dáil ká. Nígbà tó fi máa di oṣù kejì, aráàlú ti ń tò síbi ìdìbò. Ohun tí ìbò kan lórí ìsúná lè ṣe jù nìyẹn.

Ọmọ Dundalk:
Ẹ ṣé, Bàbá. Ṣùgbọ́n ní 2008, alátakò wà níbẹ̀ náà. Báńkì jẹ gbèsè, àwa tá à ń ṣiṣẹ́ la san án. Kí ni àǹfààní wọn nígbà yẹn?

Bàbá Drogheda:
Ìbéèrè gidi lo bi. Jẹ́ kí n tò ó.

Àwọn báńkì ibí, Anglo Irish Bank pàápàá, ti yá àwọn tó ń kọ́lé tà lówó kọjá ààlà. Ọjà ilé wá dojú dé. Nígbà tí báńkì ńlá Lehman Brothers wó ní Amẹ́ríkà ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà, kò sẹ́ni tó fẹ́ yá báńkì Ireland lówó mọ́. Òru ọjọ́ 29 mọ́jú ọjọ́ 30, Taoiseach Brian Cowen àti mínísítà ètò ìnáwó Brian Lenihan ò sùn. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ìjọba ti ṣe onídùúró ọdún méjì fún báńkì mẹ́fà: owó tí aráàlú fi pamọ́ síbẹ̀, àti èyí tó pọ̀ jù nínú gbèsè táwọn báńkì náà jẹ àwọn olówó òkèèrè. Gbogbo rẹ̀ lé ní €400 bílíọ̀nù. Ẹ rántí pé ìlú tí èèyàn inú rẹ̀ ò tó mílíọ̀nù márùn-ún là ń sọ.

Kíá ni wọ́n gbé òfin rẹ̀ la Dáil àti Seanad, ilé aṣòfin kejì, kọjá. Ọjọ́ 2 oṣù kẹwàá ni ààrẹ buwọ́ lù ú. Fine Gael ni ẹgbẹ́ alátakò tó tóbi jù, wọ́n gbà. Sinn Féin náà gbà. Labour, tí Eamon Gilmore ń darí, ni ẹgbẹ́ tó ní rárá. Wọ́n ní ìjọba ń fi owó aráàlú dúró fún ohun tí ẹnikẹ́ni ò tíì rí ìdí rẹ̀.

Wọ́n sì jàre. Oṣù kìíní 2009, ìjọba gba Anglo pátápátá. Ní ìparí oṣù kẹsàn-án 2010, ìjọba fúnra rẹ̀ sọ pé Anglo nìkan yóò jẹ tó €29 bílíọ̀nù, ó sì ṣeé ṣe kó tó €34 bílíọ̀nù. Gbogbo báńkì pa pọ̀, nǹkan bíi €64 bílíọ̀nù ni wọ́n dà sí wọn lára. Oṣù kọkànlá 2010 ni ìjọba tọ IMF àti àjọ ilẹ̀ Yúróòpù lọ, àdéhùn náà sì jẹ́ €85 bílíọ̀nù. €17.5 bílíọ̀nù nínú rẹ̀ jẹ́ owó ìlú fúnra rẹ̀, inú àpò tí wọ́n ń fi owó ìfẹ̀yìntì pamọ́ sí ni wọ́n ti yọ èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ṣì ń dùn mí títí dòní. Owó arúgbó ni wọ́n fi gba báńkì là.

Ọmọ Dundalk:
Ẹ ṣì ń gbè mí lẹ́yìn nìyẹn, Bàbá. Wọ́n ní rárá, kò dá nǹkan kan dúró.

Ìyá Ìbejì, Blanchardstown:
Àbúrò, rárá tó dá nǹkan dúró wà níbẹ̀. Ìwọ ni o ò tíì débẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn òfin báńkì yẹn, lọ́jọ́ 14 oṣù kẹwàá 2008, Lenihan ka ìsúná 2009. Oṣù kejìlá ni wọ́n sábà máa ń kà á nígbà yẹn, ṣùgbọ́n owó ti tán lápò. Ó fi owó orí tuntun lé owó oṣù gbogbo òṣìṣẹ́, €1 nínú €100, àwọn olówó ńlá san jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó tún ní kì í ṣe gbogbo ẹni tó bá ti pé 70 ọdún ni yóò máa gba medical card, káàdì tí wọ́n fi ń rí ìtọ́jú gbà lọ́fẹ̀ẹ́, mọ́, bẹ́ẹ̀ 2001 ni ìjọba ẹgbẹ́ rẹ̀ kan náà fún wọn.

Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ni mò ń ṣe nígbà yẹn. Àwọn màmá tí mò ń wẹ̀, tí mò ń fún lóúnjẹ, ń wárìrì. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ àti ẹ̀jẹ̀ ríru mọ iye tóun máa san ní ilé oògùn tí káàdì yẹn bá lọ. Ẹ̀rù lọ, ìbínú dé. Wọ́n wọ ọkọ̀ ojú irin àti bọ́ọ̀sì láti gbogbo ìgbèríko wá sí Dublin. Wọ́n kọ́kọ́ kún ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Westland Row, wọ́n sì hó lé mínísítà tí wọ́n rán sí wọn lórí. Lọ́jọ́ kejì, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn dúró níwájú Leinster House níbi tí Dáil ti ń jókòó. Irun funfun ló kún títì.

Àwọn alátakò wà nínú ilé, wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ náà há ìjọba mọ́ ògiri, wọn ò jẹ́ kó rọlẹ̀ lọ́jọ́ kan. Joe Behan, aṣòfin ẹgbẹ́ ìjọba láti Wicklow, fi Fianna Fáil sílẹ̀. Finian McGrath tí kò lẹ́gbẹ́, tó ti ń bá ìjọba dìbò, ní òun ò ṣe mọ́. Ìjọba ò pàdánù ìbò, síbẹ̀ wọ́n yí i padà: arúgbó tó ń dá gbé tí owó tó ń wọlé fún un ò ju €700 lọ́sẹ̀ máa tọ́jú káàdì rẹ̀, tọkọtaya sì jẹ́ €1,400. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ló tọ́jú káàdì wọn. Àwọn màmá tí mò ń tọ́jú wà níbẹ̀.

Ohun tí mo rí kọ́ nìyí. Alátakò nìkan nínú ilé ò tó. Aráàlú nìkan lójú títì ò tó. Ìgbà tí méjèèjì bá dọ́gba, tí ìbò ìjọba sì fẹ́ dín kù, ni nǹkan ń yí.

Ẹ̀gbọ́n Houston:
Ẹ jẹ́ kí n fi tibi kún un. Ọjọ́ 29 oṣù kẹsàn-án yẹn kan náà, kí ìjọba Ireland tó ṣe ìpàdé òru, Ilé Aṣojú níbí dìbò lórí $700 bílíọ̀nù tí ààrẹ Bush fẹ́ fi gba àwọn báńkì là. Wọ́n dà á nù, 228 sí 205. Ẹgbẹ́ ààrẹ fúnra rẹ̀ ló takò ó jù, 133 nínú àwọn tó ní rárá jẹ́ Republican. Ọjà ìpín ìdókòwò já lulẹ̀, òṣùwọ̀n Dow bọ́ sílẹ̀ ní 777 lọ́jọ́ kan. Ọjọ́ 3 oṣù kẹwàá ni wọ́n tó gbà á, 263 sí 171.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní báńkì níbí, ẹ gbọ́ èyí. Nínú àtúnṣe tó wọlé láàárín ìbò méjèèjì ni wọ́n ti gbé owó tí FDIC, àjọ ìjọba tó ń san owó padà bí báńkì bá kú, ń dáàbò bò láti $100,000 sí $250,000. Ká ní àwọn aṣòfin ti gbà á lọ́jọ́ àkọ́kọ́, àtúnṣe yẹn ò sí nínú ohun tí wọ́n gbé wá.

Oníṣirò Cork:
Ẹ káàbọ̀, ẹ̀gbọ́n. Àbúrò wa ní Galway, ọ̀rọ̀ owó tìrẹ ni mo wá dáhùn.

Owó rẹ wà lábẹ́ ìdáàbòbò. Báńkì àpapọ̀ Ireland ló ń bójú tó ètò kan tó ń san owó padà bí báńkì bá kú, títí dé €100,000 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní báńkì kọ̀ọ̀kan. €20,000 péré ni kó tó di oṣù kẹsàn-án 2008, oṣù wàhálà yẹn ni wọ́n sáré gbé e sókè. Ìbò ìsúná kankan ò kan án. Tí báńkì bá ṣubú, láàárín ọjọ́ iṣẹ́ méje ló yẹ kí owó dé ọwọ́ rẹ.

Àwọn kan máa ń bi mí nípa àpò owó tọkọtaya. Ẹni méjì ló ni ín, nítorí náà ẹnì kọ̀ọ̀kan ní €100,000 tirẹ̀ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n tó o bá ní àpò mẹ́ta ní báńkì kan ṣoṣo, wọ́n á kà wọ́n pọ̀. Credit union, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wọn, náà wà lábẹ́ ètò yìí, ẹ má bẹ̀rù rẹ̀. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ta ilé tó ń gbé, tí owó ńlá wọlé sí i lápò, ètò náà lè bò ó dé €1 mílíọ̀nù fún oṣù mẹ́fà. Ìpín ìdókòwò ò sí níbẹ̀ rárá. Àwọn èèyàn wa kan ra ìpín báńkì nítorí pé wọ́n ń gbọ́ pé ó ń pọ̀ sí i. Ìpín Anglo di òfo nígbà tí ìjọba gbà á.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ tún ní owó sílé, NDIC, irú àjọ bẹ́ẹ̀ ní Nàìjíríà, gbé tiwọn láti ₦500,000 sí ₦5,000,000 ní 2024 fún àwọn báńkì ńlá. Ẹni tó ń kó owó ilé kíkọ́ jọ sí báńkì kan ṣoṣo ní Ìbàdàn tàbí Èkó, kó pín in.

Nọ́ọ̀sì Galway:
Ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀. Ẹ ṣé gan-an ni. Owó ọmọ wá ńkọ́?

Ìyá Ìbejì, Blanchardstown:
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àkọ́kọ́ nínú oṣù ló ń wọlé, €140 fún ọmọ kan. Wọn kì í dá a dúró nítorí pé alátakò dìbò rárá. Wọ́n lè dín in kù, ìyẹn sì ni ohun tó yẹ ká máa ṣọ́. Nínú ìsúná oṣù kejìlá 2010, wọ́n gé €10 kúrò. Ní tìrẹ, ọjọ́ tí ọmọ rẹ bá ti dé sílùú yìí ni kó o ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé. Má jẹ́ kó kọjá oṣù 12, kó o sì tọ́jú ìwé iṣẹ́ àti ìwé ilé rẹ, torí wọ́n á bi ọ́ bóyá ibí lo fi ṣe ibùgbé ní tòótọ́.

Ọmọ Dundalk:
Ìsúná 2010 yẹn ni mo fẹ́ kí ẹnì kan ṣàlàyé. Òun ló mú USC, owó orí tí wọ́n ń yọ lára owó tó ń wọlé féèyàn, wá sórí ìwé owó oṣù mi, àbí? Fine Gael àti Labour bú u nígbà náà, wọ́n dé ìjọba, wọn ò yọ ọ́.

Oníṣirò Cork:
Òun ni. Oṣù kìíní 2011 ló bẹ̀rẹ̀. Àsìkò yẹn náà ni ìjọba gé €1 kúrò lára owó iṣẹ́ tó kéré jù ní wákàtí kan, láti €8.65 sí €7.65. Ìbò Jackie Healy-Rae àti Michael Lowry, tí wọn ò sí lẹ́gbẹ́ ìjọba, ni Cowen fi gbé ìsúná náà kọjá. Oṣù kejì 2011, aráàlú dìbò, Fianna Fáil bọ́ sí 20 aṣòfin, gbogbo Green Party sì pàdánù ìjókòó wọn. Fine Gael gba 76, Labour gba 37, àwọn méjèèjì jọ ṣe ìjọba. Wọ́n dá €1 yẹn padà ní oṣù keje ọdún náà. USC kò lọ. IMF ṣì jókòó sórí ìwé ìṣirò wọn, gbèsè kan náà ni wọ́n sì ń san. Lónìí, ẹni tí gbogbo owó tó ń wọlé fún un lọ́dún ò bá ju €13,000 lọ ò ní san án. Ẹ yẹ ìwé owó oṣù yín wò, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣiṣẹ́ wákàtí díẹ̀. Mo ti rí àwọn tí wọ́n yọ ọ́ lọ́wọ́ wọn láìyẹ, Revenue, àjọ tó ń gba owó orí, sì dá a padà nígbà tí wọ́n béèrè.

Bàbá Drogheda:
Ọmọ Dundalk, mo gbọ́ ọ. Èmi ò sọ pé kí o gba alátakò gbọ́ nítorí ẹnu wọn. Labour tọ̀nà nígbà tí wọ́n ní rárá ní 2008, ohun tí wọ́n gbà nígbà tí wọ́n dé ìjọba ni aráàlú fi jẹ wọ́n níyà, 2016 wọ́n bọ́ láti 37 sí 7. Ṣùgbọ́n ìbò òru yẹn wà lákọsílẹ̀ pẹ̀lú orúkọ olúkúlùkù. Ọ̀rọ̀ òru yẹn náà ni wọ́n fi bi àwọn ọ̀gá báńkì àti mínísítà ní ìbéèrè nígbà tí ìgbìmọ̀ aṣòfin ṣèwádìí ọ̀rọ̀ báńkì, títí ìjábọ̀ rẹ̀ fi jáde ní 2016. Lórí ìkànnì Oireachtas, ìyẹn ilé aṣòfin wọn méjèèjì, o lè wo bí TD tìrẹ ṣe dìbò lórí ohunkóhun. Wò ó kó o tó lọ bá a.

Ẹ má sì gbàgbé pé alátakò lè takò láìdìbò. Láàárín 2016 sí 2020, ìjọba Fine Gael ò ní aṣòfin tó tó, Fianna Fáil sì bá wọn ṣe àdéhùn pé àwọn ò ní dìbò rárá sí ìsúná, àwọn á kàn jókòó. Ẹni tó wà nínú irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ lágbára lórí ìsúná ju ẹni tó ń pariwo lọ, torí kí wọ́n tó kà á ni wọ́n ti ń dúnàá dúrà.

Nọ́ọ̀sì Galway:
Èmi tí mi ò tíì di ọmọ ìlú, ṣé mo lẹ́nu níbẹ̀?

Bàbá Drogheda:
O lẹ́nu. Ìbò ìjọba ìbílẹ̀, ẹnikẹ́ni tó bá ń gbé níbí ló lè dì í, ìwé ìrìnnà yòówù kó ní. Lọ fi orúkọ sílẹ̀ ní kánsù yín. Ìbò yẹn ló gbé Rotimi Adebari, ọmọ Yorùbá bíi tiwa, wọ kánsù Portlaoise ní 2004, ó sì di olórí ìlú náà ní 2007. Ìbò Dáil ló di dandan kó o jẹ́ ọmọ Ireland tàbí ọmọ Britain.

TD ò ní bi ọ́ léèrè ìwé ìrìnnà kó tó gbọ́ tìrẹ. Wọ́n máa ń jókòó ládùúgbò láti gbọ́ ẹjọ́ aráàlú, clinic ni wọ́n ń pè é. Má lọ sọ pé ìsúná burú. Mú ohun kan ṣoṣo lọ, pẹ̀lú ìwé. Ní kó bá ọ bi mínísítà ní ìbéèrè tí wọ́n máa kọ ìdáhùn sí. Ọjọ́ díẹ̀ ni ìdáhùn fi ń dé, ó sì ń wà lórí ìkànnì. Alátakò ló dára jù fún èyí, torí iṣẹ́ tí wọ́n ń wá kiri nìyẹn.

Àsìkò ló ṣe pàtàkì. Oṣù kẹwàá ni wọ́n ń ka ìsúná báyìí. Alẹ́ ọjọ́ náà ni wọ́n ń dìbò lórí àwọn kan, bíi sìgá àti epo, ó sì lè bẹ̀rẹ̀ láàárín òru. Owó ìrànwọ́ àti owó orí ní òfin tiwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn, ìgbìmọ̀ sì ń yẹ̀ wọ́n wò kí ọdún tó parí. Alátakò ò lè dá àbá tó máa ná ìjọba lówó níbẹ̀, wọ́n á ní kò bófin mu. Ohun tí àwọn tó mọṣẹ́ ń ṣe ni pé wọ́n á ní kí mínísítà kọ ìjábọ̀ lórí ọ̀rọ̀ náà. Ọ̀nà yẹn ni wọ́n fi ń gbé e sínú àríyànjiyàn. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n gbọ́ tòun, kó lọ ní oṣù kẹsàn-án. Ẹni tó bá dúró títí owó oṣù kìíní fi wọlé ti pẹ́.

Nọ́ọ̀sì Galway:
Mo dúpẹ́ púpọ̀, Bàbá. Ọ̀kan kù. Báńkì orí fóònù ni tèmi, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé Lithuania ni olú ilé iṣẹ́ wọn wà. Ṣé €100,000 yẹn kàn mí?

Oníṣirò Cork:
Ó kàn ọ́, ṣùgbọ́n ètò ti Lithuania ló máa san án, kì í ṣe ti Dublin. Iye kan náà ni gbogbo ilẹ̀ European Union ń lò. Wo inú ìwé àdéhùn lórí áàpù náà, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ orúkọ ètò tó bò ọ́ síbẹ̀. Tó bá jẹ́ ilé iṣẹ́ tó kàn ń fi owó ránṣẹ́ ni, tí kò ní ìwé àṣẹ báńkì, ètò yìí ò bò ó. Owó ìrìnnà ọkọ rẹ kì í ṣe ohun tó yẹ kó sùn síbẹ̀. Ya àwòrán ojú ìwé yẹn fi ránṣẹ́ sí mi lálẹ́, n ó bá ọ wò ó.